Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Inú Àwòrán

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa rẹ́rìn-ín pé báwo ni a ó ti sọ̀rọ̀ àwòrán fún ẹni tí kò rí i, nítorí etí ni a fi ń gbọ́ rédíò, kì í ṣe ojú. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí apàlọ́ bá ń pa àlọ́ Ìjàpá, ta ni nínú wa tí ó rí Ìjàpá níbẹ̀? Síbẹ̀, gbogbo wa ni a máa ń rí i bí ó ti ń wọ́ lọ sí oko àna rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ojú inú bá mi wo nǹkan yìí. Aṣọ kánfáàsì kan ni, tí a nà mọ́ igi onígun mẹ́rin. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ díẹ̀, ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ọ̀dà olóròóró ni ayàwòrán fi kùn ún. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ó rí bí inú igbó ti í rí nígbà tí oòrùn ti wọ̀ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kò tí ì ṣú tán. Láàárín òkùnkùn yìí ni a wá rí àmì wẹ́wẹ́ púpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù funfun, àwọn kan pupa, àwọn mìíràn sì jẹ́ àwọ̀ aró. Wọ́n kóra jọ, wọ́n fún mọ́ra, wọ́n tún fọ́n ká, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ wọn. Kò sí orí, kò sí ẹsẹ̀, kò sí ilé, kò sí igi kan tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé òun nìyí. Síbẹ̀ ó dára ní wíwò. Ojú ẹni kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Orúkọ tí ayàwòrán náà fún un ni Evening Rendezvous. Bí a bá fẹ́ pè é ní èdè wa, a lè pè é ní Ìpàdé Ìrọ̀lẹ́. Ọdún 1962 ni ó kùn ún. Ó wà ní ìlú Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, nínú ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ti Smithsonian. Orúkọ ayàwòrán náà ni Norman Lewis, ọmọ ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà.

Mo ti fi ẹ̀dà àwòrán yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó wà lẹ́nu yín náà, pé: ‘Kí ni èyí jọ?’ Mo sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ pé: aṣọ òkè tí bàbá yín wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ni ó jọ? Àdìrẹ tí ìyá yín ró, ṣé ẹ ti bi í rí pé àwòrán ta ni ó wà lára rẹ̀? A kì í béèrè bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé aṣọ yìí tutù sí ojú, pé èkejì ta sánsán, pé àwọ̀ yìí bá èyí mu, pé àwọ̀ tọ̀hún ń bá a jà. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbọ́ ìlù dùndún mọ̀ pé igi àti awọ ni, kò ní ahọ́n, síbẹ̀ ó lè yin ènìyàn, ó sì lè bú u. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ìlù ni yóò sọ pé ariwo lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irú àwòrán yìí rí. Ní New York, láti nǹkan bí ọdún 1945 títí dé àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni kò ya ojú ènìyàn tàbí ilé tàbí èso inú àwo mọ́. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀dà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀: bí ó ti ki, bí ó ti fẹ́lẹ́, bí ọwọ́ ti yára tó tàbí bí ó ti rọra lọ. Jackson Pollock tẹ́ kánfáàsì sí ilẹ̀, ó sì ń da ọ̀dà lé e lórí bí ẹni ń wọ́n omi. Mark Rothko gbé àwọ̀ kan ka orí èkejì títí tí wọn yóò fi máa tàn bí ẹyin iná. Ayé gbọ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí, owó ńlá ni a sì fi ń ra iṣẹ́ wọn. Norman Lewis wà láàárín wọn. Ní ọdún 1950, nígbà tí àwọn aṣíwájú iṣẹ́ náà ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní New York láti bá ara wọn jíròrò lórí ohun tí wọ́n ń ṣe, Willem de Kooning wà níbẹ̀, Barnett Newman wà níbẹ̀, Norman Lewis náà sì wà níbẹ̀. Òun nìkan ni ènìyàn dúdú tí ó jókòó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti dé ibẹ̀ fún yín.

Ní oṣù keje ọdún 1909 ni a bí i ní Harlem, àdúgbò tí ó wá di ibùjókòó àwọn ènìyàn dúdú ní New York. Àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti erékùṣù Bermuda. Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkun, ó sì rí àwọn etíkun Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó rí bí ìyà ti ń jẹ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti ṣubú lulẹ̀, iṣẹ́ sì ṣòro láti rí. Ó ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Harlem. Ìtòsí ibẹ̀ ni obìnrin kan wà tí ó ń mọ ère, orúkọ rẹ̀ ni Augusta Savage. Obìnrin yìí kò fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ sí ara rẹ̀ nìkan, ó ń kọ́ tọmọdé tàgbà àdúgbò ní iṣẹ́ ọnà. Lewis wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ kò rí i bí ẹnu ọ̀nà kan tí ó ṣí sílẹ̀ ní àdúgbò ti lè yí ọ̀nà ayé ènìyàn padà!

Ní ọdún 1935, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York pàtẹ àwọn ère àti ìbòjú láti ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán dúdú ni ó lọ wò ó. Lewis lọ pẹ̀lú, ó sì ya àwọn ohun tí ó rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó yà ni ìbòjú àwọn ará Dan, àwọn tí ilẹ̀ wọn wà ní Liberia àti Côte d'Ivoire. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé agbẹ́gilére ilẹ̀ wa kì í gbẹ́ ojú ènìyàn bí dígí ti ń fi í hàn. Ó lè mú kí orí tóbi ju ara lọ, nítorí orí ni ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá ti rí èyí ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà kò di dandan kí ó jọ ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni Lewis fi ojú ènìyàn sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930 sí nǹkan bí 1943, ìyà tí ń jẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń yà. Àwòrán kan wà tí ó yà ní ọdún 1940, tí ó pè ní Dispossessed. Ìdílé tí onílé lé jáde ni ó yà síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó mọ ohun tí ó ń sọ lójú ẹsẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Lewis lọ ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi fún ogun, ní ìlú Vancouver, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ń bá Hitler jà nígbà náà, Hitler tí ó ní ẹ̀yà tòun ni ó ga ju gbogbo ẹ̀yà lọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, funfun wà lọ́tọ̀, dúdú wà lọ́tọ̀. Ní ibi iṣẹ́ ọkọ̀ náà, Lewis rí ẹ̀tanú àwọ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó padà sí New York, ọkàn rẹ̀ sì ti yí.

Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ni èyí: gbogbo àwòrán ìyà tí mo ti yà, ta ni ó ti dá dúró kúrò nínú ìwà búburú? Ẹni tí kò lójú àánú kì í wo àwòrán kí ó wá lójú àánú. Aláàánú ni ó ń wò ó, aláàánú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1946, ó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé bí a bá sọ fún ayàwòrán dúdú pé ìyà ẹ̀yà rẹ̀ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ máa yà, a ti tún kọ́ ẹ̀wọ̀n mìíràn fún un. Ayàwòrán funfun ní gbogbo ayé láti yà, kí ló dé tí a fi ní kí dúdú jókòó sí igun kan? Ó fẹ́ kí a kọ́kọ́ dá a mọ̀ fún ìmọ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí a ti ń dá gbẹ́nàgbẹ́nà rere mọ̀ fún bí igi rẹ̀ ti dọ́gba.

Báyìí ni ó yà sí ọ̀nà tuntun. Ní ọdún 1953, ó ya àwòrán kan tí ó pè ní Migrating Birds, èyí ni àwọn ẹyẹ tí ń ṣí láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ní ọdún 1955, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Carnegie ní ìlú Pittsburgh, níbi tí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ayé pé sí. Ní ìpàtẹ náà, wọ́n ní kí àwọn tí ó wá wòran dìbò fún àwòrán tí ó wù wọ́n jù. Àwòrán Lewis ni ó gba ẹ̀bùn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé irú àwòrán yìí kì í ṣe fún ènìyàn lásán, ẹ gbọ́ èyí: kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó fún un ní ẹ̀bùn yìí, àwọn ará ìlú tí ó wọlé wá wòran ni.

Ẹ ó rò pé láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà rẹ̀ là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ funfun di olókìkí, òun sì ń kọ́ni kí ó lè jẹun. Ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tí ń ra àwòrán kò retí pé ènìyàn dúdú lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn tirẹ̀ náà sì ń bi í pé: nígbà tí a ń lù wá, tí a ń pa wá, àmì pupa àti funfun ni ìwọ ń tò? Ìbéèrè yìí wúwo. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó béèrè rẹ̀. Bí ilé bá ń jó, a kì í jókòó ti ẹni tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ògiri.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a padà lọ sí iwájú Ìpàdé Ìrọ̀lẹ́, kí a wo ohun tí Lewis fi dáhùn.

Nígbà tí mo fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan ní ó jọ àtùpà àwọn ìyá olóúnjẹ ní ọjà alẹ́. Òmíràn ní àríyá ni, àwọn ènìyàn wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó. Gbogbo wọn ni ó ń yìn ín. Mo ní kí wọ́n túbọ̀ wò ó, kí wọ́n má yára. Kíláàsì dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn tó dìde, ó ní: ‘Ọ̀gá, fìlà ṣóńṣó ni àwọn funfun yìí dé. Wọn kò ní ojú.’

Ọmọ náà ti rí i.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Ku Klux Klan. Kété lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1865, nígbà tí a dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ni àwọn aláwọ̀ funfun kan ní gúúsù Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀, kí ènìyàn dúdú má baà gbé orí sókè. Ẹgbẹ́ náà kú, ó sì tún jí ní ọdún 1915. Agbádá funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á dé fìlà ṣóńṣó funfun tí ó bo gbogbo ojú àfi ihò méjì. Alẹ́ ni wọ́n ń pàdé. Wọn a ri àgbélébùú igi mọ́lẹ̀, wọn a tiná bọ̀ ọ́, wọn a dúró yí i ká. Wọ́n ń na ènìyàn dúdú, wọ́n ń sun ilé wọn, wọ́n ń pa wọ́n. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a bọ́ agbádá, ẹni tí ó ń tajà a lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọlọ́pàá a wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, gbogbo wọn a sì máa kí ara wọn káàárọ̀.

Ní àwọn ọdún tí Lewis ń ya àwòrán yìí, àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn funfun tí wọ́n fẹ́ òtítọ́ ti dìde láti gba ẹ̀tọ́ dúdú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1961, àwọn ọ̀dọ́ kan, dúdú àti funfun, jókòó papọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan lọ sí ìhà gúúsù, nítorí ilé ẹjọ́ gíga ti ní kò tọ́ kí a ya dúdú sọ́tọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ní ibùdókọ̀ wọn. Nítòsí ìlú Anniston, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn jàǹdùkú, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Klan wà nínú wọn, dá bọ́ọ̀sì náà dúró, wọ́n sì tiná bọ̀ ọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Lewis kùn Ìpàdé Ìrọ̀lẹ́.

Ó yẹ kí ẹ tún un wò báyìí. Funfun yẹn, fìlà àti agbádá ni. Pupa yẹn, iná ni, ẹ̀jẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Àwọ̀ aró tí ń fò sókè, èéfín ni. Bí a bá ka àwọn àwọ̀ mẹ́ta náà tẹ̀ léra wọn, pupa, funfun, àwọ̀ aró, ẹ rántí àsíá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Klan a máa pariwo pé àwọn ni wọ́n fẹ́ràn Amẹ́ríkà jù lọ. Lewis mú àwọ̀ àsíá tí wọ́n ń fi yangàn, ó dá a padà fún wọn gẹ́gẹ́ bí iná àti ẹ̀jẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ èébú kan. Àní orúkọ tí ó fún un, orúkọ tí ó dùn létí ni, bí ẹni ń ṣe fàájì lábẹ́ òṣùpá. Àwọn àgbà wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi ya ojú wọn gbangba, kí gbogbo ènìyàn rí i kí wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Èrò tèmi nìyí. Bí ó bá yà á gbangba, a ó wò ó ní ìṣẹ́jú kan, a ó ní ‘Ó mà ṣe o!’, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n báyìí, a ti kọ́kọ́ yìn ín. Ẹnu wa ti sọ pé ó dára. Nígbà tí ojú wa wá là, ẹ̀rù ohun tí a ti yìn ni ó bà wá. Èyí sì ni bí ohun náà ti rí láyé gan-an. Ẹni tí ó dúró lókèèrè ní ìpínlẹ̀ Alabama ní ọdún 1962, tí kì í ṣe ọ̀ràn tirẹ̀, lè wo iná lórí òkè ní alẹ́ kí ó sọ pé ó tàn dáadáa. Ìdílé dúdú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí funfun inú òkùnkùn jẹ́ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, nítorí ẹ̀mí wọn wà níbẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Lewis fẹ́ yá wa fún ìgbà díẹ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìdajì ni Lewis fi sí orí kánfáàsì. Ìdajì kejì, àwa tí a ń wò ó ni a ó mú un wá. Ẹni tí kò bá dúró pẹ́ yóò gba ìdajì lọ sílé, yóò sì rò pé òun ti gba gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ Lewis tako ara wọn, pé ó ní àwòrán kì í yí ìwà ènìyàn padà, ó sì tún ya Klan. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tí ẹsẹ̀ wà fún, ó sì mọ ohun tí búrọ́ọ̀ṣì wà fún. Nígbà tí ọ̀ràn bá di ti ìjà, ẹsẹ̀ ni ó ń lò. Ní ọdún 1963, nígbà tí àwọn ènìyàn ń múra láti rìn lọ sí Washington láti béèrè fún iṣẹ́ àti òmìnira, Lewis pẹ̀lú Romare Bearden, Charles Alston àti Hale Woodruff dá ẹgbẹ́ ayàwòrán dúdú kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Spiral, kí wọ́n lè jọ rò ó bí ayàwòrán ti lè ṣe ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n ṣe ìpàtẹ kan ṣoṣo, wọ́n sì fẹnu kò pé dúdú àti funfun nìkan ni àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò lò. Ẹ̀yin náà lè ro ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1969, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tí ó tóbi jù ní New York, èyí tí a ń pè ní Metropolitan, ṣe ìpàtẹ lórí Harlem, ṣùgbọ́n kò fi àwòrán ayàwòrán Harlem kan ṣoṣo síbẹ̀. Lewis, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, jáde sí òpópónà pẹ̀lú àwọn tí ń fi ẹ̀hónú hàn. Ọdún kan náà ni òun, Bearden àti Ernest Crichlow ṣí ilé ìpàtẹ kan fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí ilẹ̀kùn ibòmíràn ti mọ́. Cinque Gallery ni wọ́n pè é, ní ìrántí Cinqué, ọmọ Mende láti ilẹ̀ Sierra Leone, ẹni tí ó ṣáájú àwọn ẹrú tí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn tí ó kó wọn nínú ọkọ̀ Amistad ní ọdún 1839. Ẹni tí Augusta Savage ṣí ilẹ̀kùn fún ti di ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979 ni Norman Lewis kú. Ní ọdún 2015, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ìlú Philadelphia kó àwọn àwòrán rẹ̀ jọ nínú ìpàtẹ ńlá kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni. Àwòrán náà kò yí padà láti ọjọ́ yìí wá. Ojú àwọn tí ń wò ó ni ó pẹ́ kí ó tó là.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ fi rán yín. Bí ẹ bá tún rí àwòrán tí kò jọ nǹkankan, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé kí ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: àwọ̀ wo ni ó pọ̀ jù níbẹ̀? Níbo ni ojú mi ti kọ́kọ́ lọ? Kí ni ó ń ṣe sí ọkàn mi, ṣé ó tù ú ni tàbí ó dà á rú? Lẹ́yìn náà, ẹ ka orúkọ àwòrán náà, kí ẹ sì tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò ní láárí, ẹ ó mọ̀, nítorí kò ní ní ohun mìíràn láti fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ rere, yóò máa so èso bí ẹ ti ń dúró.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, àwòrán nìkan kọ́ ni a ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò. Ohun púpọ̀ ní ìlú ni ó ń tàn lókèèrè, tí a ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí a tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a rìn súnmọ́ ọn, kí a wò ó bóyá ó ní ojú.